Ìbò 23 Oṣù Kẹfà: àwa tí a gbé ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé wọ Ìlú Ọba, níbo ni kí a fa igi sí?

Ayékòótọ́ | 15 Oṣù Karùn-ún, 2016

Mo kí gbogbo ilé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni káńsù fi káàdì ìdìbò ránṣẹ́ sí ilé mi ní Peckham, mo sì kọ́kọ́ rò pé wọ́n ṣì mí mú fún ẹlòmíràn ni. Káàdì náà sọ pé mo ní ẹ̀tọ́ láti dìbò ní Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kẹfà, lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé kí Ìlú Ọba ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni, àbí kí ó kúrò níbẹ̀? N kò tíì di ọmọ ìlú yìí. Físà iṣẹ́ ni mo fi ń gbé níbí, ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì ní pápákọ̀ òfuurufú ni mo sì mú dání. Síbẹ̀, nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Kọmọnwẹ́ẹ̀tì, ìbò mi wúwo tó ti olórí ìjọba, David Cameron, fúnra rẹ̀, ẹni tí ó ṣe ìlérí ìbò yìí ní Oṣù Kìíní 2013. Aládùúgbò mi tí ó wá láti Pólàǹdì, tí ó ti ń gbé ní òpópónà wa fún ọdún mọ́kànlá láìgba físà kankan, kò ní ìbò. Nínú gbogbo ará Yúróòpù tó ń gbé níbí, àwọn ará Írẹ́láǹdì, Málítà àti Sáípúrọ́ọ̀sì nìkan ni òfin fún ní àyè.

Ọ̀rọ̀ náà jọ mí lójú. Àlejò méjì jókòó nínú ilé onílé, wọ́n wá ní kí ọ̀kan nínú wọn bá wọn pinnu bóyá kí èkejì máa lọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá sí i sọ ibi tí yóò fa igi sí, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìbú ẹnikẹ́ni.

Dagenham Kì í Sùn | 15 Oṣù Karùn-ún, 2016

Ẹ̀gbọ́n Ayékòótọ́, ẹ ṣeun. Ẹ̀gbẹ́ "kúrò" ni èmi yóò fa igi sí, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ náà bò.

Òru ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan. Mo ti di ọmọ ìlú yìí láti 2011, mo búra, mo sì bá wọn kọ orin wọn. Nígbà tí mo fẹ́ mú ìyàwó mi wá láti Abẹ́òkúta ní 2013, wọ́n ní owó tí mò ń gbà lọ́dún gbọ́dọ̀ tó 18,600 pọ́n-ùn. Kò tó bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń fi iṣẹ́ ọ̀sán lé iṣẹ́ òru kí ó tó pé, ọmọ wa àkọ́kọ́ sì ti ń rìn kí n tó fojú kàn án. Ní àsìkò yẹn kan náà, obìnrin ará Lithuania kan tí a jọ ń ṣe òru mú ọkọ rẹ̀ wá. Ará Yukréìnì ni ọkọ náà, kò sí nínú Àjọ Yúróòpù rárá, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tèmi náà kò ti sí. 65 pọ́n-ùn ni wọ́n san fún ìwé ìgbélùú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi obìnrin náà léèrè iye tí ó ń gbà. Mo jẹ́ ọmọ ìlú, òun kì í ṣe ọmọ ìlú. Kí ẹnì kan ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Agbẹjọ́rò Àdúgbò | 16 Oṣù Karùn-ún, 2016

Àbúrò mi ti Dagenham, ohun tí ojú rẹ rí kò dára, ojoojúmọ́ ni mo sì ń bá àwọn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí kọ̀wé. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó lù ọ́ kí o tó gbẹ̀san.

Òfin 18,600 pọ́n-ùn kò ti Brussels, ibùjókòó Àjọ Yúróòpù, wá. Westminster, ibùjókòó ìjọba Ìlú Ọba, ni wọ́n ti gbé e jáde ní Oṣù Keje 2012, nígbà tí Theresa May ti jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Abẹ́ rẹ̀ kan náà ni wọ́n ti pa físà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ń ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn ìwé kíkà rẹ́, ní Oṣù Kẹrin ọdún yẹn. 200 pọ́n-ùn lọ́dún tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ onífísà fún ìtọ́jú ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba (NHS) láti Oṣù Kẹrin 2015, ibẹ̀ náà ni ó ti wá. Nínú gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ti Yúróòpù ni 65 pọ́n-ùn yẹn. Bí o bá wá fa òfin Yúróòpù ya, òfin Westminster nìkan ni yóò ṣẹ́kù, wọn kò sì ní torí ìyẹn gbé ọ gòkè lọ bá obìnrin ará Lithuania náà. Òun ni wọn yóò fà sọ̀kalẹ̀ wá bá ọ.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo fẹ́ tún ṣe, nítorí pé ó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà: "Article 8" tí a máa ń fi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe tú ẹbí ká kì í ṣe òfin Àjọ Yúróòpù. Ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí ó wà ní Strasbourg ni ó ń ṣọ́ ọ, Ìlú Ọba sì ti fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ láti 1950, ọdún 23 kí ó tó wọ àjọ tí à ń sọ yìí. Ilé ẹjọ́ ti Àjọ Yúróòpù wà ní Luxembourg. Àwọn tí ó ń polongo "kúrò" mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, wọ́n kàn fẹ́ràn kí ó rú wa lójú ni.

Ìyá Ẹlẹ́wà Rye Lane | 17 Oṣù Karùn-ún, 2016

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjà. Láti Oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá ni Àjọ Yúróòpù ti ní kí ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà má ṣe wọ ilẹ̀ wọn mọ́. Àwọn oníbàárà mi ń béèrè ẹ̀wà olóyin, ibòmíràn ni ẹ̀wà tí mo ní láti tà fún wọn sì ti wá, ẹ̀wà tí ó ń pẹ́ lórí iná tí kì í sì í dùn bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń pín ìwé ìpolongo "kúrò" wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ yìí, ó ní bí a bá jáde, Ìlú Ọba ni yóò máa fúnra rẹ̀ pinnu ohun tí yóò wọlé, ẹ̀wà wa yóò sì padà sórí igbá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Mo wá rántí ohun tí wọ́n bá lára ẹ̀wà náà. Oògùn kòkòrò tí wọ́n ń pè ní dichlorvos ni. Ìwọ̀n tí òfin wọn gbà láyè kò ju 0.01 mílígíráàmù lọ nínú kílò kan, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, òmíràn ní tó 4.6. Èmi kò ní fi ìyẹn se gbẹ̀gìrì fún ọmọ-ọmọ mi. Májèlé náà ti wà lára ẹ̀wà kí ó tó kúrò ní Nàìjíríà, kì í ṣe Brussels ni ó fín in sí i. Ìjọba yòówù tí ó bá ní orí lọ́rùn yóò dá a padà.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ará Pólàǹdì àti Ròmáníà, pé wọ́n ti pọ̀ jù, pé wọ́n ti gba ibùsùn ní ilé ìwòsàn, pé ọmọ wọn ti kún ilé ìwé. Ǹjẹ́ a kò ti gbọ́ orin yìí rí? Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Bàbá Deptford | 18 Oṣù Karùn-ún, 2016

Ìyá Ẹlẹ́wà, òwe yín bá ọ̀rọ̀ mu gan-an, ṣùgbọ́n ẹ ti fi ìyálé sí ipò ìyàwó. Àwa ni ìyálé.

Ọkọ̀ ojú omi Aureol ni ó gbé mi láti Apápá dé Liverpool ní 1967. Kí n tó dé ni wọ́n ti ṣe òfin 1962 tí ó kọ́kọ́ fi ìdènà sí ọ̀nà fún àwọn ará Kọmọnwẹ́ẹ̀tì. Ní 1 Oṣù Kìíní 1973, ohun méjì ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan náà. Edward Heath, olórí ìjọba nígbà náà, mú Ìlú Ọba wọ ọjà àjùmọ̀ṣe Yúróòpù tí ó wá di Àjọ Yúróòpù, lẹ́yìn tí de Gaulle, ààrẹ Faransé, ti dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì, ní 1963 àti ní 1967. Ọjọ́ yẹn gan-an ni òfin ìwọ̀lú ti 1971 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òfin tí ó sọ àwa tí wọ́n ti fi orin Ọba Obìnrin wọn kọ́ ní ilé ìwé di àjèjì tí ó gbọ́dọ̀ tọrọ àyè. Bí ọkọ ti ń mú ìyàwó tuntun gba iwájú wọlé ni ó ń ti ìyálé gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń ka èyí lè rò pé mò ń fi ọ̀rọ̀ dárà, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjèèjì wà lákọsílẹ̀.

Mo dìbò nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè irú ìbéèrè yìí, ní 5 Oṣù Kẹfà 1975. Ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kí a dúró, èmi náà wà lára wọn. Margaret Thatcher tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ẹgbẹ́ Kọnsáfétíìfù ń polongo "dúró", Tony Benn ti ẹgbẹ́ Lábọ̀ sì ń pariwo "kúrò". Ẹ rí i bí aṣọ ti pàrọ̀ ara lọ́rùn wọn. Ohun tí mo wò nígbà náà ni àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Lomé, ní Tógò, ní Oṣù Kejì ọdún yẹn, tí orílẹ̀-èdè 46 láti Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì wà nínú rẹ̀, Nàìjíríà sì jẹ́ ọ̀kan. Mo rò pé ìyàwó tuntun yóò bá wa gbọ̀nà ẹ̀yìn bọ́ sínú ilé padà. Ó ṣe díẹ̀, kò ṣe púpọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní ẹ̀dùn ọkàn tèmi, àbúrò ti Dagenham, ó sì ti dàgbà ju tìrẹ lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó kọ́ ni ó nà mí. Ọkọ ni ó ni pàṣán, òun náà ni ó wá ń bẹ̀ mí lónìí pé kí n bá òun fà á yọ lájà. N kò ní bá a fà á. "Dúró" ni tèmi.

Ọmọ Oǹdó | 21 Oṣù Karùn-ún, 2016

Mo ń kọ èyí láti Àkúrẹ́, n kò sì ní ìbò, ṣùgbọ́n kókó ni bàbá mi fi tọ́ mi, ọ̀rọ̀ ọjà sì kàn mí. Àwọn tí ó ní kí Ìlú Ọba jáde ń sọ pé yóò lè bá Kọmọnwẹ́ẹ̀tì dòwò tààrà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òtítọ́ kan wà níbẹ̀: ọmọ ẹgbẹ́ Àjọ Yúróòpù kankan kò lè dá bá orílẹ̀-èdè òde ṣe àdéhùn owó ibodè. Kókó wa tí a kò tíì lọ̀ ń wọ Yúróòpù láìsan owó ibodè, ṣùgbọ́n bí a bá fún òróró rẹ̀ tàbí tí a lọ̀ ọ́ kúnná kí a tó gbé e lọ, owó ibodè yóò gorí ohun tó ti Nàìjíríà wá. Ètò náà ń sọ fún àgbẹ̀ pé kí ó má ṣe kọ́ bí a ti ń lọ kókó. Àdéhùn tí Yúróòpù gbé wá fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti mú ìyẹn kúrò, Nàìjíríà kọ̀ láti fọwọ́ sí i, nítorí pé àwọn oníléeṣẹ́ wa ń bẹ̀rù pé ọjà Yúróòpù yóò ya wọlé bí omi. Bẹ́ẹ̀ ni ti 1966, èyí tí a fọwọ́ sí ní Èkó pẹ̀lú Yúróòpù, kò fìgbà kan di òfin.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí kókó ń lọ. Èbúté tí ó ń gba kókó jù ní gbogbo àgbáyé ni Amsterdam, kì í ṣe London. Bí Ìlú Ọba bá dá ìsọ̀ tirẹ̀ pa sí ìta ọjà, inú ọjà ni àwọn oníbàárà wa yóò ṣì wà. Ìlú Ọba fúnra rẹ̀ yóò wá dúró lẹ́nu ibodè bíi tiwa, pẹ̀lú ẹrù lórí.

Ayékòótọ́ | 28 Oṣù Karùn-ún, 2016

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá Bàbá Deptford. N kò mọ ọ̀rọ̀ 1 Oṣù Kìíní yẹn rí, kò sì kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí mo ti kà á.

Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan owó tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀sì pupa wọn, pé 350 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni a ń fi ránṣẹ́ sí Brussels lọ́sẹ̀, kí a kúkú fi fún NHS. Ẹni tó bá ti dá èésú rí yóò tètè rí ibi tí ìṣirò náà ti ṣẹ̀. Thatcher ti bá wọn dúnàádúrà ní Fontainebleau ní 1984 pé kí wọ́n máa dín ti Ìlú Ọba kù, wọ́n sì ń yọ owó náà kí ó tó kúrò nílé rárá. Nínú èyí tí ó lọ, apá kan ń padà wá fún àwọn àgbẹ̀, àwọn onímọ̀ ìwádìí àti àwọn agbègbè tí kò rí já jẹ, bí Cornwall àti Wélsì. Àjọ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìṣirò ìjọba ti sọ ní gbangba pé iye náà ń ṣi aráyé lọ́nà, bọ́ọ̀sì náà kò sì tíì dúró.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni iye àwọn tó ń wọlé tún jáde. Bí a bá yọ àwọn tó jáde lọ kúrò, èèyàn 333,000 ni ó kún Ìlú Ọba ní 2015. Ti Yúróòpù jẹ́ 184,000. Ti àwa tí a ń bọ̀ láti òde Yúróòpù jẹ́ 188,000, àwọn ọmọ ìlú tí ó sì jáde lọ ju àwọn tí ó padà wálé lọ. Ẹ kíyè sí i pé àwa tí Westminster ti ní gbogbo agbára lé lórí ni a pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gba agbára padà láti dín èrò kù, èrò wo ni wọn yóò kọ́kọ́ dín?

Ẹnì kan bi mí bóyá a ti rí ẹni tó kúrò rí. Greenland, tí ó wà lábẹ́ Dẹ́nmárkì, dìbò ní 1982 nítorí ọ̀rọ̀ ẹja pípa, kò sì rí ọ̀nà jáde títí di 1985. Ẹja nìkan ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ní láti pín.

Arìnrìnàjò Ítálì | 4 Oṣù Kẹfà, 2016

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àròjinlẹ̀. Irú àwọn tí ẹ ń jíròrò lé lórí ni èmi náà. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo lò ní Brescia ní Ítálì, níbi tí mo ti ń yọ́ irin. Nígbà tí ọrọ̀ ajé wọn bàjẹ́, ilé iṣẹ́ náà tì. Ìwé ìrìnnà Ítálì tí mo ti gbà ni mo fi kó wá sí Manchester ní 2013 láìtọrọ físà, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó sì ti Ítálì, Spéìn àti Jámánì gba ọ̀nà kan náà wá. Ẹnu bodè àwọn ará Yúróòpù ni mo ń gbà kọjá. Ìwé aláwọ̀ ewé mi wà nísàlẹ̀ àpótí. Nísinsìnyí tí wọ́n fẹ́ pinnu bóyá ọ̀nà mi yóò dí, ojú ni mo fi ń wò. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí wa.

Agbẹjọ́rò Àdúgbò | 5 Oṣù Kẹfà, 2016

Arìnrìnàjò, dìde kí o lọ wá ìsàlẹ̀ àpótí náà. Ṣé Nàìjíríà ni wọ́n bí ọ sí, tí o kò sì kọ ìwé pé o kò ṣe ọmọ Nàìjíríà mọ́? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ Kọmọnwẹ́ẹ̀tì ni ọ́ títí di òní. Òfin ìdìbò kò béèrè ìwé tí o fi wọlé. Ó béèrè bóyá o jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Kọmọnwẹ́ẹ̀tì tí ó ń gbé níbí, tí ó ní ìyọ̀ǹda láti gbé, tàbí tí kò nílò ìyọ̀ǹda. Ìwé Ítálì rẹ ni kò jẹ́ kí o nílò ìyọ̀ǹda, ìwé Nàìjíríà rẹ sì ni ó fún ọ ní ìbò. Ọjọ́ keje oṣù yìí ni ìforúkọsílẹ̀ yóò parí. Má ṣe sùn lé e.

Arìnrìnàjò Ítálì | 8 Oṣù Kẹfà, 2016

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní alẹ́ àná, kí ààlà tó pé, èrò sì ti wọ́ débi tí ojú òpó ìforúkọsílẹ̀ náà fi dákú. Mo sùn pẹ̀lú ìbànújẹ́. Wọ́n ti wá sún un síwájú di òru ọ̀la, mo sì ti forúkọ sílẹ̀ láàárọ̀ yìí. Nígbà tí fọ́ọ̀mù béèrè orílẹ̀-èdè mi, mo kọ Nàìjíríà sí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù kan tí inú mi sì dùn.

Dagenham Kì í Sùn | 12 Oṣù Kẹfà, 2016

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì gbà pé Ẹ̀gbọ́n Agbẹjọ́rò mọ òfin jù mí lọ. Westminster ni ó lù mí, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè ìdí tí Westminster fi ní agbára láti lù mí láìbẹ̀rù. Nígbà tí ọ̀gá mi lè rí òṣìṣẹ́ kó láti Pólàǹdì àti Ròmáníà lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, láìkọ ìwé kankan, kí ni yóò sún un láti bá ìjọba sọ̀rọ̀ pé kí ó fún àwọn ará Abẹ́òkúta ní físà? Ó ní omi nínú ilé, kò nílò láti lọ pọnmi. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ omi náà bá gbẹ, yóò rántí kànga. Àwọn arúgbó wọn kò ní fúnra wọn wẹ̀, wọn kò sì ní fúnra wọn yí ara wọn padà lóru. Priti Patel, mínísítà tí ó ń polongo "kúrò", ti ń sọ fún àwọn ará Bangladesh pé bí a bá jáde, wọn yóò rí alásè mú wá fún ilé oúnjẹ wọn. Kí ló dé tí ti àwa kò fi lè rí bẹ́ẹ̀?

Ẹ ní a óò fà wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá bá wa ni. Bí gbogbo wa bá ti wà nísàlẹ̀, ó kéré tán, a jọ ń tò ni.

Ìyá Ẹlẹ́wà Rye Lane | 13 Oṣù Kẹfà, 2016

Ọmọ mi, ó yé mi. Kànga ni wọ́n yóò rántí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pọn omi nínú kànga máa ń dé e lẹ́yìn tí ó bá ti pọn tó.

Alábòójútó | 17 Oṣù Kẹfà, 2016

Lánàá ni wọ́n pa Jo Cox, aṣòfin tí ó ń ṣojú Batley àti Spen, ní àárín ìlú Birstall, níbi tí ó ti fẹ́ pàdé àwọn ará agbègbè rẹ̀. Ìyá ọmọ méjì ni. Ẹgbẹ́ méjèèjì ti dá ìpolongo dúró, àwa náà yóò dákẹ́ títí di ọjọ́ Ajé.

Ọmọ Oǹdó | 21 Oṣù Kẹfà, 2016

Ẹ rántí àwa tí a wà nílé. Láti àná tí báńkì àpapọ̀ ti tú okùn náírà, 197 fún dọ́là kan ti kọjá 280. Bí pọ́n-ùn náà bá tún ṣubú lọ́jọ́ Ẹtì, owó ilé ìwé tí ẹ ń fi ránṣẹ́ yóò ṣì pọ̀ lójú wa nítorí pé náírà ló kọ́kọ́ ṣubú. Orí burúkú méjì tí ń bo ara wọn láṣìírí.

Ayékòótọ́ | 24 Oṣù Kẹfà, 2016

Ó ti parí. Ìdá 51.9 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kí a kúrò, 48.1 ló ní kí a dúró. Skọ́tíláǹdì fi ìdá 62 sọ pé àwọn yóò dúró, Àríwá Írẹ́láǹdì fi 55.8, Ẹ́ńgíláǹdì àti Wélsì sì fà wọ́n lọ. Cameron ti kéde pé òun yóò fipò sílẹ̀. Pọ́n-ùn ti wó dé ibi tí kò dé mọ́ láti 1985.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Southwark fi ìdá 72.8 sọ pé kí a dúró, Lambeth tí ó múlé tì wá sì fi 78.6. Ní Barking àti Dagenham, ìdá 62.4 ló ní kí a kúrò. Ìbò àbúrò wa wà nínú rẹ̀, tèmi wà nínú ti Southwark, pẹ́ńsùlù tí wọ́n so mọ́ okùn ni mo sì fi kọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá arúgbó kan tí ó wà lẹ́yìn mi ń bẹ̀ mí kí n lo bírò nítorí àwọn tí ó lè pa á rẹ́.

Mo pàdé aládùúgbò mi lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ yìí. Ó béèrè bóyá mo dìbò. Mo ní mo dìbò, mo sì sọ ibi tí mo fa igi sí láìjẹ́ pé ó béèrè. Ó ní òun kò rò pé wọ́n máa ń fún ará Nàìjíríà ní ìbò. A dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì lọ sí ibi iṣẹ́.

Dagenham Kì í Sùn | 14 Oṣù Kẹrin, 2024

Ẹ má bínú pé mo hú ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́jọ jáde. N kò fẹ́ parọ́ fún ara mi, ìdí nìyẹn tí mo fi padà wá.

Ìlú Ọba jáde ní 31 Oṣù Kìíní 2020, òfin físà tuntun sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ omi gbẹ bí mo ti wí. Ní Oṣù Kejì 2022 ni wọ́n fi àwọn olùtọ́jú arúgbó kún físà àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, nígbà tó sì fi máa di Oṣù Kẹwàá, àbúrò mi ti dé láti Abẹ́òkúta pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ méjì. Mo fẹ́ wá síbí nígbà náà wá fi yangàn. Ìyàwó mi ní kí n fara balẹ̀.

Ní 11 Oṣù Kẹta ọdún yìí ni wọ́n ṣòfin pé olùtọ́jú tuntun kankan kò gbọ́dọ̀ mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, ní 11 Oṣù Kẹrin, 18,600 pọ́n-ùn tí ó lé mi ní òru di 29,000. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n bí sí Dagenham níbí, ṣègbéyàwó ní Abẹ́òkúta ní Oṣù Kejìlá. 24,000 ni ó ń gbà lọ́dún. Ní ọjọ́rú ó tó, ní ọjọ́bọ̀ kò tó mọ́. Ìyá Ẹlẹ́wà, ẹ sọ ọ́.

Arìnrìnàjò Ítálì | 15 Oṣù Kẹrin, 2024

Ojú ń tì mí láti sọ èyí, ṣùgbọ́n ó kan ọ̀rọ̀ náà. Mo ṣègbéyàwó ní Òṣogbo ní 2019, kí ọdún 2020 tó parí. Nítorí pé mo ti gbé ibí pẹ̀lú ìwé Ítálì kí wọ́n tó jáde, àdéhùn ìjáde náà dáàbò bò wá. Ìyàwó mi dé ní ọdún tó kọjá. Wọn kò gba owó ìwé lọ́wọ́ wa, wọn kò sì béèrè iye tí mò ń gbà.

Agbẹjọ́rò Àdúgbò | 15 Oṣù Kẹrin, 2024

Dagenham, kí ọmọ náà kó ìwé owó oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé ara wọn jọ, àti ìwé báńkì oṣù mẹ́fà yẹn kan náà, kí orúkọ àti iye inú wọn bá ara mu. Owó iṣẹ́ kejì lè wọ inú ìṣirò, níwọ̀n bí ìwé rẹ̀ bá pé. Kí ó wá bá ọ pé kí o ṣàlàyé fún un bí o ti ń pín oorun nígbà tí o ń fi iṣẹ́ ọ̀sán lé ti òru.